Ta Ló Pọn Ọtí Yìí?

Ìfófó ló kọ́kọ́ jáde. Onílé-ìtura tó wá tọ́ ọtí wò di ife rẹ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé yóò dáwọ́ dúró láìpẹ́, nítorí ìfófó díẹ̀ kì í ṣe àbùkù bíà. Kò dáwọ́ dúró. Ó kún ife, ó bo ọwọ́ àlejò, ó gba inú apá aṣọ funfun rẹ̀ lọ, ó sì ń kán sórí bàtà tí wọ́n ti fi epo pa títí tó fi ń dán. Onífíríìjì, tó ni ilé, tó sì ń tún fíríìjì ṣe, sáré pa ẹnu ẹ̀rọ tí ọtí ń gbà jáde dé. Nígbà tó tún un ṣí, ó sín bí ẹni tí ata wọ̀ nímú, ó sì tún tu ìfófó mìíràn jáde.

Ìyàwó Onífíríìjì, tó jẹ́ aránṣọ, dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ náà pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́, kò mọ ẹni tí ì bá kọ́kọ́ nù lára. Ó ti tó bí ọ̀sẹ̀ méjì tí òun àti ọkọ rẹ̀ kò ti bá ara wọn sọ ju "ẹ káàárọ̀" àti "oúnjẹ ti délẹ̀" lọ. Ó ti rò pé bí ọtí yìí bá dùn, ọ̀rọ̀ yóò yọ láàárín wọn. Ìfófó kọ́ ló fọkàn sí.

Onílé-ìtura yìí gan-an ló dá ìjà náà sílẹ̀, láìmọ̀. Ó gbé fíríìsà kan wá fún àtúnṣe lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú, aránṣọ sì gbé ìgò kan jáde fún un nínú bíà tí wọ́n ń pọn nílé. Bàbá náà mu ún, ó gbé ife sókè, ó wò ó nínú ìmọ́lẹ̀, ó tún mu. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ta ọtí, òun kò tíì mu èyí tó mọ́ lẹ́nu tó báyìí. Ó ní bí ó bá lè máa rí bẹ́ẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì onírin, òun á gbé e sí ilé ìtura òun, òun á sì padà wá tọ́ ọ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ó wá béèrè pé ta ló pọn ọ́n.

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn, kíá. "Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni."

Tíréè ṣì wà lọ́wọ́ aránṣọ nígbà náà. Òun ló ń yan ọkà tí wọ́n fi ń pọn ọ́n. Òun ló ń dúró ti ìkòkò kó má baà ru dànù. Òun ló ní kí wọ́n fi èèpo ọsàn díẹ̀ sí i, tí ọkọ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí tó fi tọ́ ọ wò. Òótọ́ ni pé ọkọ rẹ̀ ló sọ fíríìjì àtijọ́ di ilé ọtí, tó lu ihò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ri ẹnu ẹ̀rọ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó kan bẹ́ẹ̀dì kọ́ ló bí ọmọ.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Nígbà tí àlejò lọ tán, ó bi ọkọ rẹ̀ pé ṣé àlejò ni òun náà nínú ilé yìí ni. Ọkọ rẹ̀ ní kí ló dé tó ń fi ọ̀rọ̀ kékeré ṣe ńlá, ẹnu lásán ni. Ó fi ẹnu lásán náà sílẹ̀ fún un láti ọjọ́ náà. Àkọ́bí wọn obìnrin, tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wọn, ló wá di oníṣẹ́ láàárín wọn. "Sọ fún bàbá rẹ pé ọtí ti ru tán." "Sọ fún ìyá rẹ pé mo ti gbọ́." Orí tábìlì kan náà ni wọ́n jókòó sí o. Ó sú ọmọ náà, ó ní kí wọ́n wá redíò rà, ó sì padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Kò wá sí ẹni tí yóò gbé ọ̀rọ̀ mọ́.

Ìgbà tí oníṣẹ́ sì ṣe pàtàkì jù nìyẹn. Gáàsì ló ń mú bíà ta ni lẹ́nu, ọ̀nà méjì ni wọ́n sì ń gbà fi í sínú kẹ́ẹ̀gì. Ṣúgà ni aránṣọ fẹ́ràn. Yóò yọ́ ọ díẹ̀ sínú omi gbígbóná, yóò dà á sínú ọtí, yóò pa á dé pinpin, yóò sì fi sílẹ̀ níbi tí òtútù kò sí títí ìwúkàrà tó kù nínú ọtí yóò fi jẹ ṣúgà náà, tí yóò sì tu gáàsì síbẹ̀. Sùúrù ni baba ìwà, ló máa ń wí. Sílíńdà gáàsì ni ti ọkọ rẹ̀. Yóò gbé kẹ́ẹ̀gì sínú fíríìjì, yóò so róbà mọ́ ọn, yóò sì fi agbára ti gáàsì wọlé. Ó ní ìjàpá ló ń lo ṣúgà. Wọ́n ti fi àríyànjiyàn yìí jẹun alẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tí wọn kò jiyàn lé lórí ni pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni kẹ́ẹ̀gì kan ń gbà, nítorí bí a bá lo méjèèjì, gáàsì á pọ̀ jù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ tí àlejò ń padà bọ̀, ọkọ rẹ̀ da ọtí sínú kẹ́ẹ̀gì, ó sì gbéra lọ tún yàrá òtútù kan ṣe ní ìlú mìíràn, láìdágbére ju "ó dàbọ̀" lọ. Nígbà tí aránṣọ wọ yàrá iṣẹ́, ó bá kẹ́ẹ̀gì ní kọ̀rọ̀, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, kò sí róbà lára rẹ̀. Ó gbà pé ìbínú ló mú kí ọkọ òun pa á tì. Ó kọ́kọ́ ní kó bàjẹ́ bó bá fẹ́ bàjẹ́, ṣebí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ó ń rán aṣọ, kò rí ojú abẹ́rẹ́. Orúnkún ọkọ rẹ̀ ló ń rò, tí kì í fẹ́ gun àkàbà mọ́, àti bó ṣe ń dì í mú bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òrùlé àwọn èèyàn. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Ó dìde, ó gbé kẹ́ẹ̀gì sínú fíríìjì, ó so róbà mọ́ ọn. Nítorí pé àlejò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, ó yí géèjì sílíńdà sókè dáadáa, ó sì mi kẹ́ẹ̀gì náà lórí ẹsẹ̀ bí ó ṣe máa ń rí i tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe. Ó mọ̀ọ́mọ̀ gba ọ̀nà ti ọkọ rẹ̀, kí ọkọ rẹ̀ lè mọ̀ pé òun ti gbé ìbínú kúrò nílẹ̀.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ dé láàárọ̀ ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀, ó rí róbà lára kẹ́ẹ̀gì, ó rò pé torí kí gáàsì lè máa ti ọtí jáde nìkan ni ìyàwó òun ṣe so ó. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sọ nǹkan kan. Aránṣọ náà kò sọ ohun tó ṣe.

Àlejò wá ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù báyìí. Ó wo ife, ó wo bàtà rẹ̀. "Ṣé ohun tí mo mu níjọ́sí nìyí?" ló béèrè. "Ta ló pọn ọtí yìí?"

Aránṣọ yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo géèjì, ó sì rí ibi tí ọwọ́ géèjì náà wà lókè. Aránṣọ mọ̀ pé ó ti mọ ẹni tó yí i. Gbólóhùn kan péré ló kù tí yóò sọ, gbogbo ẹ̀bi á sì di tòun.

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n," ni ọkọ rẹ̀ wí, kò gbójú sókè. "Ẹ̀bi mi ni. Mo ti fi ṣúgà sí i kí n tó rìnrìn àjò."

"Ṣúgà?" Aránṣọ kò mọ ìgbà tó dé ẹ̀gbẹ́ fíríìjì. "Ẹ̀yin? Ẹ fi ṣúgà sí ọtí?"

"Mo ní kí n ṣe é bí o ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ lẹ́nu."

Ẹ̀rín gbé e, omi sì lé sí i lójú. Ó yíjú sí àlejò.

"Ẹ má dá a lóhùn, sà. Nígbà tó dùn, òun nìkan ni. Ó bàjẹ́ tán, òun nìkan náà ni. Èmi ni mo so gáàsì mọ́ ọn. Àwa méjèèjì la ba èyí jẹ́, àwa méjèèjì náà la sì pọn èyí tí ẹ mu níjọ́sí."

Onílé-ìtura lá ìfófó tó wà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀, ó lá a lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní ahọ́n àti eyín ń jà, wọn kì í sì í kó kúrò lẹ́nu, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi bàtà òun parí ìjà mọ́. Ó gba aṣọ ìnuwọ́, ó sì béèrè ìgbà tí òun yóò padà wá.

Ọkọ aránṣọ la ẹnu. Ó tún pa á dé. Ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá wọn, nígbà wo ni?"

Aránṣọ ní ọ̀la, nírọ̀lẹ́. Ó ní àwọn máa yọ róbà, àwọn á máa jẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì mí díẹ̀díẹ̀ nínú òtútù títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀. Àlejò gbà, ó ń fi bàtà tútù rìn lọ.

Àwọn méjèèjì jókòó lórí àpótí, kẹ́ẹ̀gì wà láàárín wọn. Ọkọ rẹ̀ fa òrùka orí kẹ́ẹ̀gì tó ń tú gáàsì sílẹ̀, afẹ́fẹ́ sì tú jáde, ó pẹ́ kó tó dákẹ́.

"Ṣé kí n tún fà á?" ló béèrè.

"Ẹ jẹ́ kó sinmi ná," ni aránṣọ wí. "Èmi ni n ó fa èyí tó kàn."