Sàbírátù Jẹ́rìí Ta Ko Ọmọ Rẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tó mọ ọmọ í fi yangàn, ẹ béèrè Sàbírátù ní àdúgbò Sawaba. Abọ́ tánganran ló ń tà ní ọjà Adum, bí ìyá rẹ̀ tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá ààlà wá síbẹ̀ ṣe tà á, ṣùgbọ́n ìròyìn ọmọ ló fi ń dá oníbàárà dúró. Ọmọ kan ṣoṣo náà ló bí. Lúkmàn ni wọ́n sọ ọ́. Nígbà tó fẹ́ Afia, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, tó sì bá a lọ sí ìjọ rẹ̀, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, ó di Cornelius. Àwọn àfáà ní kí ìyá rẹ̀ lé e jáde. Ó ní inú òun ni Lúkmàn ti jáde, kì í ṣe inú mọ́ṣáláṣí. Bí Cornelius bá ń wàásù ní àdúgbò Bantama, awakọ̀ trotro, bọ́ọ̀sì akérò, a máa pa ẹ́ńjìnnì kó lè gbọ́ ọ. Ẹni tó bá sì bá a jiyàn, yóò fi ìbéèrè há a mọ́ igun.

Ohun kan ló wà níbẹ̀: ìjọ náà kì í gba ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sára. Sàbírátù ka ìyẹn sí ọ̀rọ̀ àgbàlagbà, títí tó fi kan Abísọ́lá, ọmọ ọdún méje tí Afia fi sílẹ̀ lọ sọ́run, tí òun ìyá àgbà sì ń tọ́. Àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde wà lára ọmọ náà. Ní òwúrọ̀ Àtìní, ibà kọlù ú, ojú rẹ̀ funfun, mímí rẹ̀ sì di tipátipá. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀. Bí wọn ò bá fa òmíràn sí i kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, kò ní yè é.

Cornelius ní òun ò ní fọwọ́ sí i.

"Maame, mepa wo kyɛw, ẹ má bínú," ló ń bẹ ìyá rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Mo fẹ́ràn ọmọ yìí ju ẹ̀mí mi lọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbà á sílẹ̀ lónìí, tí mo ba ọ̀run rẹ̀ jẹ́, kí ni mo gbà?"

Sàbírátù wò ó, ó rí i pé òtítọ́ inú rẹ̀ ló ń sọ. Ìyẹn gan-an ló mú ọ̀rọ̀ náà le. Bó bá jẹ́ ìkà ni, ì bá ti mọ bí yóò ṣe bá a jà.

Ó sá lọ bá àwọn àgbà ilé. Wọ́n fọwọ́ pa irùngbọ̀n, wọ́n ní kó ní sùúrù, àwọn yóò pe Cornelius lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwọn yóò bẹ̀ ẹ́. Kó má ṣáà gbé e dé kóòtù, nítorí a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́.

"Jímọ̀?" ni Sàbírátù pariwo. "Ọmọ tó lè kú lọ́la Àtàláátà! Wallahi, ẹ ò ní bá wa níbi ìpàdé, ibi àdúrà òkú lẹ ó ti bá wa!"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ràzíátù, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìtọ́jú ọmọdé, tí dókítà ti ránṣẹ́ sí, ṣàlàyé fún un pé òfin fi ire ọmọ ṣáájú ìfẹ́ òbí. Adájọ́ lè pàṣẹ, ṣùgbọ́n yóò fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń tọ́ ọmọ náà.

"Ṣé ẹ máa lè sọ ọ́, Màámi? Iwájú Cornelius náà ni o."

"Ẹnu tí mo fi sọ ọ́ lórúkọ ṣì wà lára mi," ni Sàbírátù dáhùn.

Yàrá kékeré kan ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, torí ẹjọ́ ọmọdé kì í ṣe ohun tí gbogbo ayé ń wò. Cornelius kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ dáadáa débi pé akọ̀wé gbàgbé láti kọ ọ́ sílẹ̀. Sàbírátù ká ara rẹ̀ mọ́ ibi tó ti ń fi ìyangàn mi orí fún un, ó yáa dẹ́kun. Nígbà tó kàn án, ó dìde.

"Adájọ́, ọmọ mi nìyí. Kò purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ tó ń sọ yìí, ìgbà tó dàgbà ló yàn án. Mo jẹ́ kó yàn án, bó tilẹ̀ dùn mí. Kí òun náà jẹ́ kí Abísọ́lá dàgbà, kó lè yan tiẹ̀."

Adájọ́ yíjú sí Cornelius. Ó ní ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè.

Sàbírátù wojú ọmọ rẹ̀. Ó mọ ìbéèrè tó wà nílẹ̀. Lóṣù tó kọjá, òun ló yẹ kó gbé Abísọ́lá lọ gba oògùn; ẹrù dé sí Adum, ó sì fi ọjọ́ náà tàfàlà. Cornelius mọ̀. Bó bá bi í péré, ta ni yóò tún gba ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́?

Cornelius dìde. Ó yí tábìlì po, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ìyá rẹ̀, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun.

"Kí ló ń ṣe?" ni adájọ́ béèrè.

"Ó ń kí ìyá rẹ̀ ni, Madam," ni Ràzíátù dáhùn.

"Mi ò lè da ìbéèrè bo ìyá mi níwájú adájọ́," ni Cornelius wí láti ilẹ̀. "Ohun tí mo gbàgbọ́ kò yí padà. Ṣùgbọ́n mi ò ní ìbéèrè."

Inú Sàbírátù wú débi pé ó di irin àga mú kó má baà pariwo. Irú ọmọ báyìí, òun ló bí i, òun ló tọ́ ọ! Àánú rẹ̀ ṣe é pẹ̀lú, ó dùn ún dé egungun. Adájọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ìyá àgbà sì dúró tì í.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀jẹ̀ ti ń kán wọ apá Abísọ́lá, ètè rẹ̀ sì ti ń pọ́n padà. Nígbà náà ni Cornelius yọ lẹ́nu ọ̀nà. Kò wọlé.

"Maame, mi ò lè dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

"Ta ló béèrè ọpẹ́ lọ́wọ́ rẹ?"

Nọ́ọ̀sì tètè dínà fún un. Ó bi Sàbírátù pé, "Ṣé ọkùnrin tó kọ̀ jálẹ̀ yẹn nìyí? Ṣé kí n pe ọlọ́dẹ?"

Sàbírátù dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì sọ̀rọ̀ sókè kí gbogbo wọ́ọ̀dù lè gbọ́.

"Ọmọ mi ni," ló wí. "Ẹ bá mi wá àga fún un."