Ijó Tí Wọ́n Ní Kí Títílọpẹ́ Má Jó

Aṣọ ijó náà ni bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jù ú sínú búùtù ọkọ̀, ó sì ti búùtù náà gbàgà lójú Títílọpẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ parí. Ó ní ọmọ tí òun bí kò ní lọ sórí ìtàgé ní Choba lọ máa fi ijó sọ ìsọkúsọ lójú gbogbo ayé, kí àwọn àgbà ìjọ wá máa wo òun lọ́la bí ẹni tó jí nǹkan gbé.

Títílọpẹ́ kò jiyàn. Ó wọlé, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí nínú ilé wọn ní Rumuomasi, ó sì mú yunifọ́ọ̀mù Ayọ̀ọlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, jáde. Ọdún méjì ni aṣọ náà ti wà níbẹ̀. Ọdún méjì náà ni Ayọ̀ọlá ti kúrò nílé, láti ìgbà tí ìyá wọn ti rí i pé ó ti lóyún, ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ìyá-àgbà ní Iléṣà. Kò sẹ́ni tó lù ú, kò sẹ́ni tó bú u. Wọn ò kàn dárúkọ rẹ̀ mọ́ ni. Bí àlejò bá béèrè rẹ̀, Mọ́mì á ní ó ti lọ kàwé.

Títílọpẹ́ náà ti pé mẹ́tàdínlógún báyìí. Aṣọ náà bá a mu régé.

Nígbà tó jáde sí pálọ̀, ìyá rẹ̀ rí i, ó yára wo ibòmíràn. Bàbá rẹ̀, Adédàpọ̀, ọ̀gá aṣọ́bodè ní èbúté tí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ kì í wò lójú, dìde dúró.

"Bọ́ aṣọ yẹn."

"Mi ò ní bọ́ ọ, sà. Mò ń lọ jó."

"O fẹ́ lọ gbé ọ̀rọ̀ ilé yìí síta?"

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé yìí, Dádì. A ò sọ ọ́ nínú ilé yìí rí."

Bàbá ní bó bá fi lè gbé ẹsẹ̀ kọjá géètì, kó má padà wá mọ́. Títílọpẹ́ kúnlẹ̀, bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ dágbére láràárọ̀ kó tó lọ síléèwé. Ó ní, "Ẹ bá mi di àpótí mi sílẹ̀ nígbà náà, sà. Ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń dì í." Ó dìde, ó sì jáde.

Ó wọ bọ́ọ̀sì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ kéké dé gbọ̀ngàn tí wọ́n ti fẹ́ ṣeré náà.

Nengi, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó kó àwọn ọmọ mẹ́jọ jọ láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Nengi ló gbé eré náà kalẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu kankan nínú rẹ̀, ijó lásán ni. Ọmọbìnrin kan ní ìbéèrè kan nípa ara rẹ̀. Ó gbé e tọ ìyá rẹ̀ lọ, ìyá gbé ìkòkò fún un pé kó fọ̀. Ó gbé e tọ bàbá rẹ̀ lọ, bàbá ṣí ìwé ìròyìn bojú. Ó wá gbé e tọ ọmọkùnrin kan lọ ládùúgbò, ọmọkùnrin yẹn nìkan ló sì dá a lóhùn. Lópin, ọmọbìnrin náà dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpótí. Títílọpẹ́ ló mú ìtàn náà wá. Kò sọ ẹni tó ni ín.

Nengi wo aṣọ tó wọ̀. "Who get dis uniform?"

"Na my sister own."

Nengi kò bi í ní nǹkan mìíràn. Ó bá a tún ọrùn aṣọ náà ṣe, ó ní, "Oya. Dance am well."

Gbọ̀ngàn kún. Zakariyya, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́jọ náà, lu ìlù, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Títílọpẹ́ jó dé ọ̀dọ̀ ìyá, ó gba ìkòkò. Ó yí padà sí Dagogo, tó ń ṣe bàbá nínú eré, tó jókòó sórí àga, tó fi ìwé ìròyìn bojú. Ibẹ̀ ló ti rí bàbá rẹ̀ gan-an, tó ń bọ̀ láàárín àwọn èèyàn. Kò sáré. Ó gun àtẹ̀gùn orí ìtàgé bí ẹni tó ń gun ọkọ̀ ojú omi lọ yẹ ẹrù wò. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ara eré ni. Dagogo wo ojú ọkùnrin náà, ó rọra dìde, ó sì sá kúrò lórí àga.

"Títílọpẹ́, ó tó. Jẹ́ ká lọ."

Kò dúró. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì láti ìsàlẹ̀ ikùn wá sí àyà, láti àyà wá sí ẹnu, ó sì nà wọ́n sí i. Bí ìbéèrè náà ṣe rí nínú ijó nìyẹn. Bàbá na ọwọ́ kó fi gbá a mú. Ó yẹ̀ ẹ́, ó tún un béèrè. Nígbà kẹta, ó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá fi rí orúkọ tí Ayọ̀ọlá fi òwú pupa kọ sí àpò àyà aṣọ náà.

Adédàpọ̀ jókòó sórí àga. Kò dìde mọ́ títí ọmọ rẹ̀ fi jó eré náà tán, pẹ̀lú àpótí, pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú gbogbo rẹ̀. Títílọpẹ́ ò fo ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ bàbá rẹ̀, Títílọpẹ́ ń retí ìgbátí. Wọ́n rìn jìnnà kí bàbá tó béèrè ẹni tó sọ fún un bí Ayọ̀ọlá ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Ó ní Ayọ̀ọlá ni, pé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ làwọn ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, òun ò sì ní dá a dúró.

Bàbá kò bínú. Ó dín eré ọkọ̀ kù. Ó ní, "Ọmọ náà. Kí ni wọ́n sọ ọ́?"

"Ìtẹ́olúwa."

"Ọkùnrin ni, àbí obìnrin?"

Títílọpẹ́ yíjú sí i. Bàbá-àgbà tó yẹ kó sọ ọmọ lórúkọ kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin. Ìdáhùn ti dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà Ayọ̀ọlá, ó sì nà án sí i.

"Èyí, mi ò ní dá yín lóhùn, sà. Ẹ bi ìyá rẹ̀."

Bàbá dá ọkọ̀ dúró sẹ́bàá ọ̀nà. Ó gba fóònù náà, ó fi sétí. Ó ń dún ní Iléṣà. Ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé, bí ọmọ tí tíṣà ní kó dìde ka ohun tí kò kà rí. Títílọpẹ́ ń wò ó. Láti ọdún méjì, ìbínú ló rò pé òun ń rí lójú bàbá òun, àṣé ìbẹ̀rù ni.