Ìbò Karùn-ún

"Ẹ jẹ́ ká má fi ọ̀rọ̀ yìí falẹ̀ mọ́," Dírẹ́bà wí, ó sì na ìka mẹ́ta sókè. "Ife-ẹ̀yẹ mẹ́ta ni Akófe gbà níbi tó ti ń bọ̀. Igbákejì ńkọ́? Ife tíì nìkan ni mo rí lọ́wọ́ ẹ̀ rí."

Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn Igbákejì lòun wà. Àwọn márùn-ún ló jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Télọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà: Alága tó jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Dírẹ́bà, Onígbàjámọ̀, Nọ́ọ̀sì, àti Àǹtí Télọ̀ fúnra rẹ̀, tó jókòó ti máṣìnì, tó ń rán nọ́ńbà mọ́ ẹ̀yìn jẹ́sì tuntun. Àwọn ni ìgbìmọ̀ àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì ìlú wọn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá àtijọ́ ti lọ. Àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ ń wá òmíràn, wọ́n ń wo Akófe, kóòṣì láti ìlú mìíràn, àti Igbákejì, tó ti ń ran kóòṣì àtijọ́ lọ́wọ́, ẹnu wọn kò kò, ni wọ́n bá ní kí àwọn olólùfẹ́ kọ lẹ́tà wá, kí wọ́n dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tí wọ́n bá dárúkọ ni àwọn yóò gbà, àwọn yóò sì fi lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́. Aago mẹ́rin ni gbèdéke. Aago mẹ́ta ti kọjá.

"Nígbà tí àìsàn dá kóòṣì dúbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá," Onígbàjámọ̀ wí, "ta ló kó àwọn ọmọ yẹn wọ pápá lẹ́ẹ̀mẹfà? A borí lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìwọ náà pariwo títí ohùn ẹ fi há."

"Orí ló bá a ṣe é."

"Orí lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ńkọ́?"

Alága fi ìgò ojú rẹ̀ sípò, ó ka ìbò. Dírẹ́bà àti Nọ́ọ̀sì wà fún Akófe. Òun àti Onígbàjámọ̀ wà fún Igbákejì. "Méjì sí méjì," ó wí, ó sì ń wo àjà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ wo ojú Àǹtí Télọ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ìyàwó Igbákejì ni fún ọdún mọ́kànlá, kó tó di pé olúkálùkù bá tirẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ Àǹtí Télọ̀ ni láti kékeré, nítorí rẹ̀ ló sì ṣe ń ti Akófe lẹ́yìn. Òun tìkára rẹ̀ kò tilẹ̀ rí Akófe rí. "Ẹ̀yin náà ẹ mọ ibi tó máa dìbò sí. Ta ló máa fọwọ́ ara ẹ̀ gbé ẹni tó pa á lẹ́kún gẹṣin?"

Àǹtí Télọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣìnì. Ká sòótọ́, "Akófe" ló ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti àárọ̀, ó sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Bí Akófe bá wọlé, Igbákejì á kó ẹrù rẹ̀, á wá iṣẹ́ lọ sílùú mìíràn. Òun ò ní máa bá a pàdé lójú pópó mọ́. Ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́wàá, á máa rí bàbá rẹ̀ nínú fóònù, ṣùgbọ́n ṣé òun ló lé e lọ ni? Ó wo jẹ́sì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin ni, ti Balógun ẹgbẹ́, ẹni tí gbogbo wọn fẹ́ràn jù.

"Ẹ rántí ọdún tí orúnkún Balógun yẹ̀?" ó bi wọ́n.

"Àwọn dókítà ní kò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́," Dírẹ́bà wí.

"Lọ́dún yẹn, gbogbo ìdájí ni ọkọ mi máa ń jáde nílé. Oṣù mẹ́jọ. Mo bi í, ó ní iṣẹ́ ni. Mo ní irọ́ ni, obìnrin ló ń lọ rí. Ni mo bá tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kan, mo fi ìborùn bojú bí olè. Mo bá a lórí pápá. Ó kúnlẹ̀ síwájú ọmọ yẹn, ó ń bá a so okùn bàtà, nítorí pé ọmọ náà ò lè tẹ orúnkún. Lẹ́yìn náà ó fi èjìká gbé e dìde, wọ́n jọ ń rìn, ó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ fún un bí ẹni ń kọ́ ọmọdé: ení, èjì. Bí wọ́n bá ti dé ẹẹ́wàá, á pàtẹ́wọ́ fún un."

Nọ́ọ̀sì fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"O ò sọ fún mi rí," Nọ́ọ̀sì wí.

"Kí ni ǹ bá sọ? Mo délé, mo sunkún. Ká ní obìnrin ni mo bá níbẹ̀, mo mọ bí mo ṣe máa bá a jà. Báwo lèèyàn ṣe ń bá iṣẹ́ rere jà?" Ó ká jẹ́sì náà, ó gbé e sórí itan. "Igbákejì ni mo dìbò fún."

"Ṣé o ti dárí jì í ni?"

"Ti àárín wa wà níbẹ̀. Kóòṣì la ń wá, a ò wá ọkọ. Ká ní ọkọ lẹ ń wá ni, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ fún ọ̀tá mi."

Ẹ̀rín gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù, Nọ́ọ̀sì náà sì rẹ́rìn-ín tán kó tó nu ojú. Dírẹ́bà wo ìka rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ká wọn kò. "Ẹ kọ tèmi mọ́ ọn," ó wí. "Nítorí Balógun ni mo ṣe ń lọ wòran lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

Alága dìde pé kí òun lọ tẹ lẹ́tà náà lórí kọ̀ǹpútà. Àǹtí Télọ̀ ní kó fún òun níwèé. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń kọ ìwé pélébé lé ọmọrí ìkòkò: *Oúnjẹ rẹ wà níbí. Mo ti sùn.* Igbákejì yóò dá ọwọ́ ìkọ̀wé náà mọ̀ kó tó ka orúkọ ẹni tó kọ ọ́.

Ó kọ ọ́ tán, Alága gbà á, ó ń kà á sókè pẹ̀lú ohùn tíṣà. Lẹ́tà náà yin òye Igbákejì, ó yin sùúrù rẹ̀, ó yin ìfẹ́ tó ní sí àwọn agbábọ́ọ̀lù. Nígbà tó dé ìlà tó kẹ́yìn, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

"*A bẹ àwọn aláṣẹ kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó sójú fèrèsé dè é.*" Ó gbójú sókè. "Àǹtí Télọ̀, ṣé ká fi èyí sínú lẹ́tà ìgbìmọ̀?"

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, sà," ó wí, ó sì gbé ẹsẹ̀ padà sórí máṣìnì.