Ìbéèrè Màmá Lọ́jọ́ Orò

Ọwọ́ Fàlílátù ti wà lórí ìdábùú ilẹ̀kùn, báàgì ti wà léjìká, bàtà ti wà lẹ́sẹ̀, kí ohùn ìyá ọkọ rẹ̀ tó bá a láti inú yàrá.

"Níbo?"

Ìbéèrè kan ṣoṣo, àmọ́ ó dá a dúró gbọnin. Ó ní kafé Yísà ni, ilé kọ̀ǹpútà ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí yẹn, pé òun kò ní pẹ́. Màmá jáde sí pálọ̀ pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́, wọ́n wò ó láti orí dé bàtà, wọ́n sì bi í bóyá ó ti gbàgbé ọjọ́ tí òní jẹ́. Orò ń bẹ níta. Láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́, obìnrin kankan kò gbọdọ̀ yọjú sí ìgboro Ìkòròdú. Àlájà ni Màmá, ṣùgbọ́n ọmọ ìlú ni wọ́n kí wọ́n tó di Àlájà. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún méjèèjì, wọn kò sì rí ìjà kankan láàárín wọn.

Fàlílátù fa ọwọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn.

Kì í ṣe pé kò gbọ́ o. Gbogbo ìlú ló gbọ́ nígbà tí wọ́n kéde. Àmọ́ etí kan ṣoṣo ló fi gbọ́ ọ. Tíṣà ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọ̀gá wọn sì sọ pé kò ní sí ilé ìwé lọ́jọ́ orò, inú rẹ̀ dùn débi pé kò gbọ́ ìyókù. Odidi ọjọ́ kan! Ó ní gbogbo iṣẹ́ tó ti ń sún síwájú láti ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti wà, ọjọ́ náà lòun máa ṣe é tán. Ó ka ìsinmi, kò ka ohun tí ìsinmi wà fún. Obìnrin tí ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò nìyẹn.

Iṣẹ́ ọ̀hún, ti yunifásítì ni. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti ń kẹ́kọ̀ọ́ dìgírì. Àwọn olùkọ́ á gbé ẹ̀kọ́ sójú ewé, akẹ́kọ̀ọ́ á lọ kà á níbikíbi tó bá ti rí kọ̀ǹpútà. Nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀, ó rò pé kò sí ohun tó rọrùn tó o: kò sí ẹni tí ń lu agogo, kò sí ẹni tí ń pe orúkọ. Àṣé ẹni tí wọn kò lu agogo fún ni kì í mọ ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Bó bá dé kafé Yísà nírọ̀lẹ́, á kọ́kọ́ wo lẹ́tà tó wọlé, á wo fọ́tò ìgbéyàwó ẹni tí kò mọ̀ rí, nígbà tó bá máa ṣí ewé ẹ̀kọ́, Yísà á ti máa kan tábìlì pé àkókò rẹ̀ ti pé. Ni á bá ní kó tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé fún òun. Á ká ìwé náà sábẹ́ ìrọ̀rí, á sì sùn lé e, bí ẹni tó gbà pé ohun tó bá wà lábẹ́ orí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú rẹ̀.

Ní báyìí, ó ku àròkọ kan. Ó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn kó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ òní; bí kò bá dé, ọdún náà ṣòfò nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ilé ìwé tó ń bá ṣiṣẹ́ ti sọ ọ́ gbangba pé tíṣà tí kò bá ní dìgírì lọ́dún tó ń bọ̀, kó máa wá ibòmíràn lọ. Kò tíì kọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀, Bísíríyù, ló wá ọ̀nà sí i. Mẹkáníìkì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni ní Ìpàkodò, kò sì mọ kọ̀ǹpútà rárá, àmọ́ ó mọ bí wọ́n ṣe ń ya ìṣòro sọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ní kí Fàlílátù fọwọ́ kọ ọ́. Tí òun bá ti kírun Àlàásárì tán, òun á gbé e lọ bá Yísà, Yísà á tẹ̀ ẹ́, á sì fi ránṣẹ́. Ó gbé báàgì ọjà, ó jáde. Ọjọ́ orò, ọkùnrin ló ń ra ata, Màmá sì ti ń kìlọ̀ fún un nípa tòmátò tó bá ti rọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ilé ṣe ku àwọn obìnrin méjì. Fàlílátù ti fèrèsé, ó tẹ́ ẹní, ó tú àwọn ìwé tó tẹ̀ jáde sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀. Kí ló ń mú ọmọdé gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́ ọ, kí sì ni olùkọ́ lè ṣe sí i? Ìbéèrè àròkọ náà nìyẹn. Ó ka ewé kìíní, ó ka ìkejì, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó parí ìkẹta, ó bi ara rẹ̀ ní ohun tó wà nínú ìkíní. Òfo. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

Láti ọ̀nà jíjìn, ohùn orò dún kọjá. Ó gbé orí sókè. Àtìgbà tí wọ́n ti kó wá sílé yìí láti Ẹ̀pẹ́ lọ́dún yìí ni ìlú Ìkòròdú ti ń yà á lẹ́nu, ìbéèrè tó sì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà náà pọ̀. Màmá, tí wọ́n jókòó sórí àga níwájú rẹ̀, rí i lójú rẹ̀.

"Èyí tó wà níta, a kì í bèèrè," ni wọ́n wí. "Èyí tó wà nínú ìwé yẹn ńkọ́?"

Fàlílátù rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ ìgbàgbé ni. Ó ní àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ pé ohun tí èèyàn bá kọ́ lónìí, púpọ̀ nínú rẹ̀ á ti sá lọ kí ilẹ̀ tó mọ́.

"Ibo ló wá ń sá lọ?"

Ibo ló ń lọ? Ó ní kí Màmá jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun wò ó, ó sì padà sínú ìwé. Ó yà á lẹ́nu pé ìwé tó ti ń fa oorun sójú rẹ̀ láti àárọ̀ dédé di ohun tó ń wá nǹkan nínú rẹ̀ bí ẹni tó sọ yẹtí nù. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ojoojúmọ́ ló ń kọ ọ́ lórin fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ àwọn ìwé wọ̀nyí rí. Ó kàn ń fojú tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ kọjá ni.

Màmá bi í bóyá Súbérù, ọmọ rẹ̀, ti jẹun. Ó ní Súbérù wà lọ́dọ̀ ìyá òun ní Ẹ̀pẹ́, Màmá ní òótọ́ mà ni.

Bísíríyù dé pẹ̀lú tòmátò tó ti rọ̀ kí wọ́n tó pe ìrun Àílà. Wọ́n kírun, wọ́n jẹun, ó tún jáde. Fàlílátù mú bírò, bó ṣe kọ orúkọ rẹ̀ sókè ìwé báyìí, Màmá ní, "Ìyàwó mi, kí ló wà nínú ìwé yẹn?"

Ó wò wọ́n. Ojú wọn mọ́lẹ̀, ó kún fún ìfẹ́ àtimọ̀, bíi pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Fàlílátù gbà fún wọn nínú ara rẹ̀. Tíṣà gidi ni Màmá ìbá ti jẹ́! Bí òun náà ṣe máa ń dán àwọn ọmọ wò nìyẹn, á bi wọ́n láàárọ̀, á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, á tún bi wọ́n lẹ́yìn oúnjẹ. Ó gbé ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣàlàyé láìwò ó. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀.

"Ibo wá ni ohun tó sá yẹn ń lọ?"

"Kò lọ síbì kankan, Màmá. Inú orí náà ló wà. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ni koríko bò, bí ọ̀nà oko tí ẹsẹ̀ kò tẹ̀ mọ́. Téèyàn bá ń padà rìn ín kó tó kún jù, kò ní dí."

Màmá mi orí pẹ́. Wọ́n ní ìyẹn dáa. Wọ́n ní tiwọn, ó ya àwọn lẹ́nu: orin tí wọ́n fi sin àwọn lọ sílé ọkọ, àwọn mọ gbogbo rẹ̀ pátá, àwọn mọ ẹni tó dirun fún àwọn lọ́jọ́ náà àti ohun tó ń jẹ lẹ́nu. "Ohun tí mo jẹ láàárọ̀ yìí gan-an ni mi ò rántí." Wọ́n rẹ́rìn-ín, Fàlílátù náà bá wọn rín in. Ó bèèrè bí wọ́n ṣe kọ́ orin náà. Wọ́n ní ìyá àwọn ló kọ́ àwọn nínú ọkọ̀ ojú omi, nígbà tí àwọn jọ ń ná ọjà Ìjẹdè. Díẹ̀ lọ́jọ́ kan, díẹ̀ lọ́jọ́ kejì, tí àwọn kò bá sì kọ ti àná dáadáa, ìyá àwọn kò ní fi tòní kún un.

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Fàlílátù tẹrí bọlẹ̀, ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ nínú ọkọ̀, orin tí wọ́n ń pè padà lójoojúmọ́ kó tó jìnnà. Bírò kò dúró mọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ inú ìwé ń wá fúnra wọn, wọ́n ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ Màmá. Ó wá ń yà á lẹ́nu pé iṣẹ́ tí òun rò pé odidi ọjọ́ kan kò ní tó, láàárín ìrun méjì ló ń parí lọ yìí. Àkókò yẹn ti wà nínú gbogbo ọjọ́ tó ti kọjá. Níbo lòun ń gbé e sí?

"Ìyàwó mi, kí lò ń kọ yẹn?" ni Màmá tún bi í, nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n pe Àlàásárì. Ó sọ fún wọn láìgbé bírò sókè, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀.

Bísíríyù gba ìwé náà lẹ́nu ọ̀nà. Fàlílátù sọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí òun fi ń wọlé sójú ewé yunifásítì sí i létí, ó ní kó tún un sọ, ó tún un sọ, ó sì lọ. Ilẹ̀kùn padé. Ó ku dídúró.

Kò tíì jókòó tí fáànù fi dákẹ́ lórí wọn. Wọ́n ti mú iná lọ. Fàlílátù ń rò ó: ṣé epo wà nínú jẹnẹrétọ̀ Yísà? Ṣé Yísà tiẹ̀ ṣí lónìí? Kafé náà kò jìnnà, ìró ẹ́ńjìnnì ibẹ̀ a máa dé pálọ̀ wọn. Ó tẹ́tí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó padà. Aago ara ògiri ń lọ, kò bójú wo ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù bà á gan-an, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹjọ́ orò, ẹjọ́ àwọn ìrọ̀lẹ́ tí òun fi wo fọ́tò ni. Lẹ́yìn tó ti sọ̀rètí nù tán, jẹnẹrétọ̀ kan ké lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ó kú, ó tún ké, ó sì dúró.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí Bísíríyù wọlé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú fún ọ́ìlì. Ó ní ẹ́ńjìnnì náà ló ń ṣe bí ọmọ burúkú, òun ní láti tú púlọ́ọ̀gì rẹ̀ fọ̀.

"Ó lọ," ó ní. "Mo fojú ara mi rí i. Aago mẹ́fà kò tíì lù nígbà tó lọ."

Fàlílátù kúnlẹ̀ níwájú Màmá. Ó dúpẹ́, ó tún dúpẹ́. Ó ní bí kì í bá ṣe pé wọ́n ń bi òun léèrè lemọ́lemọ́ bẹ́ẹ̀, òun kì bá tí mọ̀ ọ́n kọ láéláé.

Màmá wò ó tìfẹ́tìfẹ́, bí àgbà ṣe ń wo ọmọ àlejò tó kí i dáadáa.

"Kí ni mo bi ọ́?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀ kí wọ́n lè jọ rín in. Bísíríyù kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ tó dúdú yẹn ló ń wò, ó sì rọra sọ ọ́ kí ìyàwó rẹ̀ nìkan lè gbọ́.

"Ìdí tí mo fi ní ká kó wá bá wọn láti Ẹ̀pẹ́ nìyẹn."

Fàlílátù wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀. Ìbéèrè àárọ̀, ìbéèrè lẹ́yìn Àílà, ìbéèrè kí Àlàásárì tó pé. Ojú tó mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bíi pé ìgbà àkọ́kọ́ ni. Màmá kò dán òun wò rárá; wọ́n ti gbàgbé ni.

Wọ́n ti kéde níta pé ó parí. Ohùn àwọn obìnrin ti gba àdúgbò kan, ẹnìkan ń pe ẹnìkejì, ilẹ̀kùn ń ṣí. Bísíríyù fa ìdábùú tiwọn, afẹ́fẹ́ ọ̀sà wọlé.

"Súbérù ti jẹun?" ni Màmá bèèrè.

"Ó ti jẹun, Màmá. Ó wà ní Ẹ̀pẹ́."

Wọ́n mi orí. Ojú wọn wá bọ́ sórí àwọn ìwé tó ṣì wà káàkiri lórí ẹní, wọ́n sì tẹ̀ síwájú díẹ̀ lórí àga.

"Ìyàwó mi, kí ló wà nínú ìwé yẹn?"

Fàlílátù jókòó, ó sì fẹsẹ̀ ká. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó rọra ń sọ ọ́, ó sì dúró níbi tó mọ̀ pé wọn yóò ti bi í.

"Ibo ló wá ń sá lọ?"

"Kò lọ síbì kankan, Màmá," ó ní. "Ẹ kọ orin yẹn fún mi, èyí tí ẹ kọ́ nínú ọkọ̀. Ẹ kọ́ mi ní díẹ̀ lónìí."