Maṣíìnì Tó Ń Tiro

Ó ti rẹ Alátùnṣe. Kì í ṣe àárẹ̀ tí èèyàn ń sùn sí kó lọ. Tirẹ̀ ti wọ eegun. Ẹ̀yìn ń dùn ún, orúnkún rẹ̀ ń han bí ìlẹ̀kùn tí ò rí epo, ojú tó fi ń wá ihò abẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ ló fi ń wá abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ báyìí. Síbẹ̀, ẹ wọ yàrá iṣẹ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ wá wò ó: maṣíìnì ìránṣọ àtijọ́ mọ́kàndínlógójì, òmíràn lórí pẹpẹ, òmíràn lábẹ́ tábìlì, ọ̀kan lórí àga tó yẹ kí àlejò jókòó sí. Ìyàwó rẹ̀ ti sọ ọ́ ní Ọba Ìpàǹtí. Bí obìnrin náà bá fẹ́ gbálẹ̀, á kọ́kọ́ bi Kábíyèsí bóyá ààyè wà láàfin fún ìgbálẹ̀.

Ẹyọ kan péré ló ń wá nínú gbogbo wọn. Maṣíìnì ọlọ́wọ́, irú èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fi ránṣọ tọ́ ọ dàgbà ni. Ọdún tí ìyá wọn dùbúlẹ̀ àìsàn ni wọ́n tà á láti fi ra oògùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò tún fọwọ́ kan maṣíìnì kankan mọ́ láti ìgbà yẹn, ìyẹn sì dun àbúrò wọn wọra. Ó pinnu pé òun máa dá a padà. Ogójì ọdún ló fi ń ra akúrẹtẹ̀ maṣíìnì kiri. Tó bá gbé e délé, á tú u, á fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, á pààrọ̀ ohun tó bàjẹ́, á kùn ún, á wá gbé e sórí pẹpẹ.

Lọ́sẹ̀ yìí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Ojú wọn ti fọ́ tán, ọmọ wọn sì fẹ́ wá mú wọn lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní Sátidé, ọ̀nà jíjìn gan-an, tí kò dájú pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tún máa ríra láyé. Ìsàlẹ̀ àpótí ni ìwé tó bá maṣíìnì náà wá ti jáde, tòun ti nọ́ńbà rẹ̀. Alátùnṣe mú ìwé délé, ó ń fi nọ́ńbà inú rẹ̀ wé èyí tó wà lára maṣíìnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ìkẹtàdínlógún, nọ́ńbà bára mu. Ọdún kẹta rèé tó ti wà lórí pẹpẹ! Òun fúnra rẹ̀ ló tún un ṣe tó ń dán gbinrin.

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Ó gbé e lé èjìká, ó di ilé ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì láàárín àwọn àpótí tí wọ́n ti dì. Wọ́n ń fọwọ́ wá ara maṣíìnì náà bí ẹni ń wá egbò lára ọmọ. Wọ́n wá ibi tí áyọ́ọ̀nù ti jó pákó ìdí rẹ̀, wọn ò rí i. Wọ́n wá ibi tí àtàńpàkò wọn ti jẹ pákó wọnú, pẹrẹsẹ ni wọ́n bá a. Wọ́n yí ọwọ́ rẹ̀, ó ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò dún rárá.

"Kì í ṣe tèmi," ni wọ́n wí.

Ó ka nọ́ńbà sí wọn létí, ó tún un kà. Wọ́n ní ó ṣeun o, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kọ́ ni àwọn fi ránṣọ. Wọ́n gbọ́wọ́ kúrò lára rẹ̀, wọ́n ń ká aṣọ wọn lọ.

Ogójì ọdún, ẹ gbà mí! Ta ló fi sáńpépà ha ibi tó jó? Òun náà ni. Ta ló fi fánísì bo ojú àtàńpàkò? Òun náà ni. Ohun tí sáńpépà bá ti kó lọ kò ní ibi tá a ti ń gbà á padà. Alátùnṣe jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ́ sunkún, àárẹ̀ ò jẹ́.

Ibẹ̀ ló ti rántí ariwo. Nígbà tó ra maṣíìnì yìí, ńṣe ló ń tiro: bí wọ́n bá yí i, á lọ díẹ̀, á wá kọsẹ̀, torí pé eyín kan ti kán lára jíà, irin eléyín tó ń bá ọwọ́ rẹ̀ yí. Òun náà ló sì kán eyín ọ̀hún, lọ́mọ ọdún mẹ́fà, nígbà tó ki ìṣó bọ ibẹ̀ láti wò ó bóyá maṣíìnì máa jẹ ẹ́. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe gbá a létí lọ́jọ́ náà, ó ṣì ń gbọ́ ọ. Ariwo ìkọsẹ̀ yẹn ló fi ń sùn lábẹ́ tábìlì wọn ní gbogbo ìgbà èwe rẹ̀. Etí kan náà ló wá gbọ́ ọ lágbà tó pè é ní àìsàn, ló bá gbé jíà tuntun sí i.

Ó fi maṣíìnì sílẹ̀ níbẹ̀, ó padà sílé. Kì í ju nǹkan nù, ẹ sáà ti mọ orúkọ rẹ̀. Ohunkóhun tó bá tú kúrò lára maṣíìnì, á so nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ ọn, á sọ ọ́ sínú agolo. Òun àtìyàwó rẹ̀ da agolo mọ́kànlá sílẹ̀, wọ́n jọ ń ṣà á, obìnrin náà ò sì pè é ní Ọba Ìpàǹtí lọ́jọ́ náà. Agolo tó kẹ́yìn ni jíà wà.

Láàárọ̀ Sátidé, mọ́tò ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Alátùnṣe kúnlẹ̀ ti maṣíìnì náà ní yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń dá jíà tó kán padà sáyè rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń tún nǹkan ṣe, èyí nìgbà àkọ́kọ́ tó máa fara balẹ̀ ba nǹkan jẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rọra ní ọ̀nà jìn o. Ó ń de irin náà lọ. Ẹ̀gbọ́n ti dìde, wọ́n ti di ara ìlẹ̀kùn mú, wọ́n fẹ́ jáde.

Kò bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró. Ó kàn yí ọwọ́ maṣíìnì. Kẹrẹkẹrẹ, kọ́. Kẹrẹkẹrẹ, kọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró. Wọ́n fi ìlẹ̀kùn sílẹ̀, wọ́n ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń nawọ́ wá orí àbúrò wọn. Nígbà tí wọ́n rí i, wọ́n gbá a létí, fẹ́ẹ́rẹ́.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni wọ́n wí, "mo ní kó o má ki ìṣó bọ ibẹ̀."

Ẹkún tí àárẹ̀ dá dúró fún Alátùnṣe wá jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́wọ́ lé maṣíìnì, wọ́n ní kí ọmọ wọn já àpótí kan sílẹ̀ nínú mọ́tò kí maṣíìnì lè ráyè.