Ọjọ́ Tí Àwọn Ilé Sọ̀ Kalẹ̀ Lọ Sódò

Ilé nọ́mbà kẹsàn-án ló ń ti odò bọ̀ nígbà tí mo jáde síta. Ó ń rọra gun òkè bọ̀ láàárín àwọn igi odán, omi ń kán lára ògiri rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kan ká àgbàlá rẹ̀ sókè bí obìnrin ṣe ń ká ìró kó má baà tutù. Ọ̀gbẹ́ni Ṣódípẹ̀, alága àdúgbò wa, dúró lójú fèrèsé òkè ilé náà, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kí mi káàárọ̀. Mo dá a lóhùn. Ilé náà dé àyè rẹ̀, ó jókòó. Àwọn ẹyẹ tó bà sórí òrùlé rẹ̀ kò tilẹ̀ fò.

Oòrùn ti yọ dáadáa. Koríko tí wọ́n gé dọ́gba ń dán, ọ̀nà ọlọ́dà ń dán, títí dé ọgbà ìgbafẹ́ etí odò, níbi tí àwọn èèyàn ti máa ń sáré láàárọ̀ pẹ̀lú ajá wọn. Lọ́jọ́ náà, wọn kò sáré. Àti èèyàn àti ajá tò sétí omi, wọ́n ń wo àwọn ilé tó ń mu omi. Ilé kan á dé, á tẹ orí òrùlé rẹ̀ ba, á mu, odò á sì fà sílẹ̀ díẹ̀. Mi ò rí ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tó ń ṣe jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Mo dúró, mo gbàgbé pé mi ò wọ bàtà.

Bí nọ́mbà wọn ṣe tò ni wọ́n ń lọ. Nọ́mbà kẹwàá ti ń dìde. Nọ́mbà kọkànlá ni tèmi.

Nọ́mbà keje lọ, kò padà. Dókítà Afọlábí tó ni ín dúró lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó ṣẹ́ kù, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ṣódípẹ̀ sọ fún un láti ojú fèrèsé pé kó má bọkàn jẹ́, pé àtúntò ni ó dé bá ibùgbé rẹ̀. Ilé rẹ̀ lọ, kò padà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Mo yíjú sí ilé tèmi, mo bi í bóyá òun á padà tó bá mu omi tán. Ẹnu ọ̀nà ni ohùn rẹ̀ ti jáde, bí ohùn ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́.

“Ta ni mo ní nínú ilẹ̀ tí màá torí rẹ̀ padà?”

Ó yé mi. Inú ilé ni àwọn èèyàn wa ń sin òkú wọn sí. Ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀ tí wọn kò lè gbé wálé, wọ́n á gé irun rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọ́n á mú un wálé wá sin. Ilé tó bá ní ẹnìkan nínú ilẹ̀ mọ ọ̀nà ara rẹ̀. Ìyáàfin Ọ̀ṣínọ́wọ̀ ti nọ́mbà kẹwàá sin èékánná ọkọ rẹ̀ sábẹ́ òdòdó, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gbẹ́ni Ṣódípẹ̀ tó kọ òfin pé a kò gbọdọ̀ sin nǹkan kan sínú ọgbà, bàbá rẹ̀ wà lábẹ́ ibi tó ń gbé ọkọ̀ sí. Mo mọ gbogbo èyí bí mo ṣe mọ ibi tí síbí wà nínú ilé ìdáná mi.

Èmi ni mo pa òfin náà mọ́. Yàrá ìsàlẹ̀ ilé yìí ni ìyá mi kú sí, ó di ọdún mẹ́ta. Mo gbé e lọ sí itẹ́ òkú tó wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí oníkálukú ti ní nọ́mbà. Mi ò gé irun rẹ̀, mi ò gé èékánná rẹ̀. Mo sọ fún àwọn ẹbí pé àṣà àtijọ́ ni. Irọ́ ni. Iṣẹ́ títẹ́ táìsì sílẹ̀ ilé ni mò ń ṣe, èmi ni mo kọ́ ara mi, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi tẹ́ ti pálọ̀ yẹn. Mi ò fẹ́ fọ́ ọ.

Tiwalọlá, ọmọ mi ọmọ ọdún méje, wà lókè ilé. Mo sáré wọlé láti lọ gbé e. Mo gun àtẹ̀gùn, inú ilé ìdáná ni mo bá ara mi. Mo tún un gùn, ilé ìdáná náà ni. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, kẹ́tùlù sọ fún mi pé kí n sinmi, pé ọmọ náà wà lójú fèrèsé, kò sì sunkún. Mo jáde síta, mo ké sí i. Ó ní òun fẹ́ lọ wo ẹja.

Nọ́mbà kẹwàá ti dé etí omi. Ìgbà náà ni fóònù mi dún. Sàláwù tó ń ṣọ́ géètì ni. Ní àdúgbò wa, àlejò kan kò lè kọjá géètì àfi tí onílé bá ní kó máa bọ̀.

“Màmá, ìyá yín wà níbí. Wọn ò ní káàdì. Wọ́n ní kí n bi yín bóyá ẹ ṣì mọ àwọn.”

Mo fẹ́ kó wọlé, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Lẹ́yìn náà ni mo ní kó jẹ́ kí wọ́n máa bọ̀. Sàláwù wí fún mi pé òun ti kọ nọ́mbà ibojì wọn sínú ìwé àlejò, níbi tí òun máa ń kọ nọ́mbà ọkọ̀ sí.

Ìyá mi gba abẹ́ àwọn igi wá. Bó ṣe ń kọjá, igi kọ̀ọ̀kan ń gbé òjìji rẹ̀ kúrò lọ́nà fún un, ọ̀nà mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ti sanra díẹ̀. Mo kí i. Ó wo ilé mi láti òkè dé ilẹ̀.

“Àjíkẹ́, ilé rẹ tóbi. Ta ló ń gbá a?”

Mo ní èmi ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kọ̀rọ̀ ilé á ti kún nìyẹn, pé láti kékeré ni mo ti máa ń gbá àárín nìkan. Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún un: ilé, odò, ọmọ tó wà lókè. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí, kó fún mi ní èékánná rẹ̀ kí n sin ín báyìí. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí mi. Kò sí èékánná kan lórí ìka rẹ̀.

Ó ní òun ti fi tòun sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí òun ń bá gbé ní itẹ́ òkú. Ó ní ìyá kan wà lápá ọ̀tún òun, ará Ìlarò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù, ṣùgbọ́n òun ti mọ́ ọn lára.

“Tìrẹ ni kí o sin,” ló wí.

Mo ní òkú ni wọ́n ń gé e fún.

“Ọdún mẹ́sàn-án lo ti wà níbí, ojú àlejò lo ṣì fi ń wo ilẹ̀ yìí. Ilé ta ni?”

Nọ́mbà kẹwàá ti mu omi tán, ó ti ń padà bọ̀. Ilé tèmi gbé ẹsẹ̀ kan sókè, gbogbo àwo tó wà nínú rẹ̀ sì dún. Mo rò ó pé bí mo bá gé e, mi ò tún ní lè kúrò níbẹ̀ mọ́, láàyè tàbí lókùú. Mo gbójú sókè wo Tiwalọlá. Mo wọlé.

Ọmọ ọlọ ni mo fi fọ́ táìsì náà, ní àárín pálọ̀ gan-an. Kò le bí mo ṣe rò. Ilẹ̀ pupa ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó gbóná, ó ń mí. Ó ń wú, ó ń rọ̀, bí àyà ọmọ tó sùn. Mo mú abẹ, mo gé èékánná mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, mo gé irun níwájú orí mi. Mo kó o sínú ilẹ̀. Ilẹ̀ padé lé e lórí, kò fi ojú àpá kankan sílẹ̀.

Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ìyá mi ti ń lọ sí géètì. Kò dágbére. Ilé dìde.

A sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò. Àtẹ̀gùn ti padà sípò, mo gùn ún, mo bá Tiwalọlá lójú fèrèsé. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ilé tẹ orí ba, omi bo fèrèsé, a sì rí ìsàlẹ̀ odò. Ọ̀nà wà níbẹ̀, igi wà níbẹ̀, àwọn ẹja ńlá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò wá bí aládùúgbò ṣe ń wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé. Ọ̀kan mi orí sí wa. Tiwalọlá juwọ́ sí i. Ilé mu, ó mu, ó mu. Lẹ́yìn náà ó gbé orí sókè, ó yí padà, ó gba ọ̀nà tó gbà lọ, ó sì jókòó sí àyè rẹ̀.

Mo sọ̀ kalẹ̀ láti ṣí ilẹ̀kùn. Odò ló dúró síta. Ó ti tẹ̀lé wa wálé, ó ga kọjá àwọn igi odán, òkè rẹ̀ lọ́hùn-ún kò hàn sí mi, oòrùn sì ń ti inú rẹ̀ ràn. Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ó ń dúró kí n ní kó máa bọ̀.

Mi ò mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ kí ẹnìkejì. Mo kúnlẹ̀.