Òpó Iná Kejìlá

Odidi ọdún mẹ́rìnlá ni Fádáre fi ń yan orin fún Owólabí ní Odìgbó, kì í sì í ṣe pé Owólabí bẹ̀ ẹ́. Ògiri kan péré ló wà láàárín ilé àwọn méjèèjì. Bí Fádáre bá ti tan sípíkà rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ohun tó bá ń gbọ́ ni Owólabí náà ń gbọ́, ì báà máa jẹun, ì báà máa gbàdúrà. Ọdún kan wà tí Fádáre ń gbọ́ orin kan ṣoṣo láti oṣù kẹta dé ìgbà tí wọ́n ká kòkó. Ó dun Owólabí wọra. Ohun tó wù ú jù láyé kò ju kí Fádáre náà jókòó nílé ara rẹ̀, kó máa gbọ́ orin tí kò yàn.

Nítorí náà, bó ṣe ta kòkó tán lọ́dún yìí, ọ̀nà Orè ló gbà. Gàzálì, tó ń ta ẹ̀rọ orin lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, fi ààwẹ̀ tó gbà lésìí búra fún un pé sípíkà kan báyìí, tó ga tó ọmọ ọdún méje, lè jí òkú. Ó ní bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó dá a padà kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, ṣùgbọ́n inú páálí rẹ̀ ni kó dá a padà sí.

Monílọ́lá ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ń fi orúkọ ọmọ wọn pè ní Ìyá Ìyìn, wo ohun tí ọkọ gbé wọlé, ó wo ibi tó gbé e sí. Ibẹ̀ ni àpò gàrí rẹ̀ máa ń wà. Èdè Ìkálẹ̀ ló fi bínú fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, nítorí ó gbà pé Yorùbá tí wọ́n kọ́ òun nílé ẹ̀kọ́ kì í gbé ìbínú délẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá rọra bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe. Owólabí kò jẹ́ sọ pé nítorí Fádáre ni. Ó ní nítorí tirẹ̀ ni, kó lè máa gbọ́ orin ìyìn níbi tó ti ń yan gàrí lódìkejì odò.

Ọ̀rọ̀ tó kó bá a nìyẹn.

“Ó dáa,” ni Monílọ́lá wí. “Ẹ tan án lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bí mo bá gbọ́ ọ níbi iṣẹ́ mi, ó di tiwa. Bí mi ò bá gbọ́ ọ, kó padà sí Orè kílẹ̀ tó ṣú.”

Òpó iná la fi ń wọn ọ̀nà ní Odìgbó. Bí iná kò bá tilẹ̀ sí nínú wáyà, àwọn òpó ń ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa. Láti ẹnu ọ̀nà Owólabí dé ibi tí àwọn obìnrin ti ń yan gàrí, òpó méjìlá ni. Kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé etí òun ń ṣègbè, Monílọ́lá ní kí Suhaib bá òun dúró níbẹ̀ kó ṣe adájọ́. Suhaib ni ọlọ́kadà tó ń ná ọ̀nà Ago Aláyé, kò sì bá tọkọtaya náà tan.

Ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí Monílọ́lá lọ sọ́jà, Owólabí ní kí òun kọ́kọ́ dán an wò. Ó yan orin lórí fóònù rẹ̀, ó yí sípíkà dé òpin, ó ti fóònù bọ àpò ṣòkòtò, ó sì ń ka òpó lọ. Ní òpó kìíní, orin ń dún kíkankíkan. Kó tó dé òpó kejì, orin bẹ̀rẹ̀ sí í já, ó ń so. Ó kọjá òpó kejì báyìí, kẹ́kẹ́ pa mọ́ sípíkà lẹ́nu. Òpó méjì nínú méjìlá! Ó fi ìbànújẹ́ yí padà, bó sì ṣe ń sún mọ́lé ni orin tún gbéra. Ó ka ìyẹn sí àfojúdi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín. Bulutúù ló ń gbé orin láti inú fóònù lọ sínú sípíkà, kì í sì í lè rìn jìnnà. Sípíkà kò ṣẹ̀ ẹ́ rárá. Òun fúnra rẹ̀ ló kó orin sápò tó ń gbé e lọ, tó tún ń yẹ̀yìn wò pé kí ló dé tóun ò gbọ́ ọ mọ́.

Dípò kó bi ẹni tó mọ̀, ọgbọ́n ló dá. Ó wá Suhaib kàn, ó ní tí òun bá pè é lórí fóònù lọ́la, ì báà gbọ́, ì báà má gbọ́, kó sọ fún Monílọ́lá pé òun gbọ́. Suhaib ní irọ́ kò dáa, pàápàá lọ́jọ́ Jímọ̀. Owólabí rán an létí pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ni yóò pa á. Suhaib rò ó títí, ó ní ọ̀rọ̀ náà ṣì wúwo. Ibẹ̀ ni Owólabí ti fi àkùkọ pupa kan lọ̀ ọ́, àkùkọ tí Monílọ́lá ń sìn de Kérésì, ọ̀rọ̀ náà sì fúyẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Monílọ́lá sọdá odò, Suhaib tẹ̀ lé e. Owólabí gbé sípíkà síta, ó di fóònù mú, ó yí i dé òpin. Páànù orí ilé ń gbọ̀n. Adìẹ sá wọ abẹ́ kòkó. Fádáre jáde sí fáráńdà tòun ti búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Owólabí rí i tó dúró, tó ń gbọ́ orin tí kò yàn, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Lẹ́yìn náà ló rántí òpó kejì, ẹ̀rù sì bà á. Ó pe Suhaib, ó gbé fóònù sétí. Orin dákẹ́ wáí. Kò gbọ́ nǹkan kan nínú fóònù.

Wọ́n sọ fún un lẹ́yìn náà pé Suhaib, bó ṣe rí ẹni tó ń pè, yẹra lọ sẹ́yìn òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó sì sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ṣùgbọ́n Bulutúù ṣì so fóònù Owólabí mọ́ sípíkà. Ohùn Suhaib bú jáde níta Owólabí bí àrá, ó gba orí òrùlé kọjá, ó sọdá odò, ó sì padà lọ bá ẹni tó ni ín:

“Bàbá Ìyìn, mo gbọ́ orin yín ketekete o. Irọ́ tẹ́ ẹ ní kí n bá yín pa yẹn, a ò nílò ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n àkùkọ Ìyá Ìyìn tẹ́ ẹ ṣèlérí fún mi, mo ṣì ń bọ̀ wá mú un o.”

Búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lẹ́nu Fádáre. Lódìkejì odò, agbada gàrí mẹ́ta ló jóná.

Monílọ́lá kò pariwo nígbà tó délé. Ó wá àkùkọ rẹ̀ kàn, ó gbé e sábìyá, lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí ọkọ rẹ̀. Ojú ti Owólabí débi pé òun gan-an ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun dá nǹkan burúkú yìí padà fún Gàzálì.

“Rárá o,” ni Monílọ́lá wí. “Mo ní bí mo bá gbọ́, ó di tiwa. Mo gbọ́, gbogbo wa la gbọ́. Àti pé páálí ẹ̀ ni mo fi dáná gàrí láàárọ̀, kí n tó gbọ́ nǹkan kan.”

Ìgbà yẹn ló yé Owólabí. Obìnrin yìí ti fi sípíkà jì í kí ó tó tan án.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Owólabí tan án wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹnu yà á nígbà tí Fádáre pa tirẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rìnlá, tó gbé àga síta, tó jókòó. Aya rẹ̀ gbé àga jáde. Àwọn ará ilé kejì náà gbé tiwọn wá. Ọkàn Owólabí tutù, ó yí i sókè díẹ̀. Ìdajì wákàtí ni wọ́n fi jókòó, kò sẹ́ni tó jó, kò sẹ́ni tó mi orí. Nígbà tó ṣe, Fádáre nàgà láti fáráńdà rẹ̀.

“Bàbá Ìyìn, orin yìí dáa,” ó ní, “ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tá a ti ń dúró. Ìgbà wo lo fẹ́ pe Suhaib?”